Àárẹ̀ tó wọ eegun: bí òbí ọmọ tó ní ọ́tísìmù ṣe lè fi tẹ́rápì àti yóga gba ara rẹ̀ sílẹ̀

Aago mẹ́ta òru ni. Ọmọ mi ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tún gbólóhùn kan ṣoṣo tó gbọ́ nínú eré tẹlifíṣọ̀n sọ lásọtúnsọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní balùwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́ pé mò ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà ò wá. Kò sí nǹkan kan tó wá. N kò bínú, inú mi ò bàjẹ́, n kò tiẹ̀ káàánú ara mi. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí iná lọ nínú ilé. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ, torí mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọmọ yìí, síbẹ̀ n kò rí ìfẹ́ náà níbi tí mo ti máa ń bá a.

Ọmọ mi ní ọ́tísìmù: ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, ó sì ń hàn nínú bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń hùwà. Bí ẹ bá ti jókòó sí irú balùwẹ̀ yẹn rí nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àárẹ̀ yìí ní orúkọ, burnout ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì; ó nídìí, ohun téèyàn lè ṣe sí i sì wà. Tẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí a fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, wà lára rẹ̀, yóga náà wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn gbé méjèèjì lé orí ẹrù tí ẹ ti ń rù bọ̀, ẹrù lẹ fi kún ẹrù. Ìdí nìyẹn tí mo fi to àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo àwọn tó ṣáájú torí kí ẹ lè tètè dé ibi yóga.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó ń ṣe yín

Ní 1974, Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní New York, kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àánú ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́. Ó rí i pé àwọn tó fi gbogbo ọkàn wọ iṣẹ́ náà gan-an ni agbára wọn ń tán pátápátá. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń ka irú àárẹ̀ yìí sí. Títí di òní, nínú ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn sí ìsọ̀rí, iṣẹ́ nìkan ni wọ́n so ó mọ́. Bí ẹni pé òbí ń gba ìsinmi lọ́dọọdún! Àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì Louvain ní Bẹ́ljíọ̀mù, Isabelle Roskam àti Moïra Mikolajczak, ló ti ń ṣe ìwádìí gidi lórí ti òbí, wọ́n sì gbé ìwé ìbéèrè kan jáde ní 2018 tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo àárẹ̀ fúnra rẹ̀: ṣé oorun òru kan ń mú un lọ, àbí bí ẹ bá ṣe ń lajú ló ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń retí yín? Èkejì ni pé kí iṣẹ́ òbí súni, débi pé ìró ẹsẹ̀ ọmọ lásán á máa múni kanra. Ẹ̀kẹta ni ìjìnnà: ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ wọṣọ fún un, ẹ fún un lóògùn lásìkò, gbogbo rẹ̀ pé, àmọ́ ọwọ́ nìkan ló ṣe é, ọkàn ò sí níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá rántí irú òbí tí ẹ jẹ́ tẹ́lẹ̀, ojú á máa tì yín nítorí irú èyí tí ẹ dà.

Ẹ wá ìwé àjákọ kan. Fún ọjọ́ méje, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ nọ́ńbà láti 0 dé 10 fún bó ṣe rẹ̀ yín tó, kí ẹ sì kọ ohun kan tó gba agbára yín jù lọ́jọ́ náà. Gbólóhùn kan tó. Tèmi yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé igbe ọmọ ni màá bá níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, àìsùn ló gba ọjọ́ márùn-ún, ìpè láti ilé ìwé gba méjì tó kù.

Ẹ má sì jẹ́ kó dàrú mọ́ ìsoríkọ́ lójú yín. Àárẹ̀ òbí sábà máa ń fúyẹ́ díẹ̀ béèyàn bá kúrò nílé fún wákàtí mélòó kan. Ìsoríkọ́ ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé èèyàn dé ibi gbogbo. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí inú yín ò dùn sí ohunkóhun, tí ẹ ò lè jẹun tàbí tí ẹ ò lè sùn kódà nígbà tí ọmọ sùn, dókítà ló kàn. Méjèèjì sì lè wà lára èèyàn kan náà.

Ohun kan wà tí kò gba ìgbésẹ̀. Bí èrò bá ń wá pé kí ẹ pa ara yín, tàbí kí ẹ ṣe ọmọ náà léṣe, tàbí pé ì bá sàn kí ẹ̀yin méjèèjì má sí mọ́, ẹ pa ìtọ́sọ́nà yìí tì báyìí. Ẹ fi ọmọ sí ibi tí ewu ò sí, ẹ pe ẹnì kan kó wá jókòó tì yín, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Irú èrò yìí máa ń bá òbí rere, ó sì ní ìtọ́jú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ẹ̀bi kalẹ̀

Ẹ̀bi tí òbí ọmọ ọ́tísìmù ń rù kì í ṣe tòní. Nígbà tí Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe àwọn ọmọ 11 tó ní ọ́tísìmù ní 1943, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òbí tó lọ́yàyà ò pọ̀ láàárín àwọn òbí wọn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Bruno Bettelheim, òǹkọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, wá ń polongo rẹ̀ káàkiri pé ìyá tí kò ní ìfẹ́ ló ń fà á. Irọ́ gbuu ni. Bernard Rimland, onímọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ní ọ́tísìmù, tako ọ̀rọ̀ náà ní 1964, ìwádìí sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà láti inú oyún lọ̀rọ̀ wà, ohun àjogúnbá sì kó ipa tó pọ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀ ẹ̀bi náà ò kú, aṣọ ló pààrọ̀. Wọ́n á bi yín pé fóònù mélòó lẹ ń gbé lé e lọ́wọ́. Wọ́n á ní ẹ kẹ́ ẹ jù. Àwọn tó fẹ́ tù yín nínú á ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń dáná máa ń sọ ìkòkò kalẹ̀; èyí tí wọ́n bá gbàgbé sórí iná, sísán ló máa sán.

Nítorí náà, ẹ ní èsì kan lẹ́nu, kó má di pé ẹ ń ronú lójú agbo. Tèmi ni: "Ẹ ṣeun, àwọn dókítà ń bá wa mójú tó o." Mo sì máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Èyí tí ẹ bá sì ń sọ sí ara yín nínú ọkàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ yẹn bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ó máa wúlò ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oorun

Kò sí onítẹ́rápì tó lè bá ẹni tí kò sùn fún oṣù mẹ́ta sọ̀rọ̀ kó yé e. Bí ẹ bá jẹ́ méjì nílé, ẹ pín òru: ẹnì kan gba títí di aago méjì, ẹnì kejì gba láti aago méjì di àárọ̀. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ á lọ sùn sí yàrá míì, á ti ilẹ̀kùn, kò ní jáde "wá wò ó lásán." Lára tèmi, wákàtí mẹ́rin tí kò já sàn ju méje tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ lọ.

Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oorun ọmọ náà. Àìsùn wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ṣùgbọ́n nígbà míì ìrora ló wà nídìí rẹ̀ tí ọmọ ò lè sọ: ìgbẹ́ tó le, inú rírun, etí, eyín. Oṣù méjì gbáko ni tèmi fi ń gbá orí mọ́ ìrọ̀rí lóru. Ibi méjì la gbé e lọ tí wọ́n ní ìwà ọ́tísìmù ni, ká fara dà á. Eyín ẹ̀yìn ló ti jẹrà. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, ó sùn di aago mẹ́jọ àárọ̀, èmi àti ìyá rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ẹ̀rù ń bà wá láti wọlé.

Bí ẹ bá ń dá tọ́mọ, ẹ máa nílò ẹlòmíràn, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń béèrè. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́" kò ní ọwọ́ tí èèyàn lè fi dì í mú. Ẹ sọ pé: "Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, láti aago méjì sí mẹ́rin. Ó fẹ́ràn kó máa yí ìdérí ìkòkò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa yí i. Bó bá di etí, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n." Ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Tí ẹni náà bá dé, kí ẹ lọ sùn. Ẹ fi abọ́ sílẹ̀ láìfọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá onítẹ́rápì, nítorí ara yín

Ọ̀rẹ́ àti ẹbí dára láti bá sọ̀rọ̀. Ohun tó mú ti onítẹ́rápì yàtọ̀ ni pé ẹ ò ní láti ṣọ́ ọkàn tirẹ̀. Ẹ lè sọ pé "nígbà míì mo máa ń rò pé ì bá dára kí n má bímọ" láìsí pé ẹnikẹ́ni á figbe ta.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni mo fi ròyìn ọmọ: ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìró tí kì í fẹ́ gbọ́, aṣọ tí kì í wọ̀. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí àkókò pé ni obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin alára ńkọ́, sà?" N kò rí èsì kankan sọ. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ mú ìwé àjákọ yín dání, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ọmọ mi ní ọ́tísìmù, ṣùgbọ́n nítorí ara mi ni mo ṣe wá." Ẹ bi í bóyá ó ti tọ́jú òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, bóyá ẹ lè máa ṣe é lórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ ò bá lè jáde, àti ohun tí ẹ̀yin méjèèjì máa fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí ìpàdé bá pé mẹ́rin tí ẹ ṣì ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un, ẹ wá ẹlòmíràn. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Oríṣi méjì lẹ máa ń bá pàdé jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní CBT (Cognitive Behavioural Therapy), tí Aaron Beck, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, máa ń yẹ èrò wò bí ẹni yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Ọmọ mi dojú bolẹ̀ láàárín èrò lọ́jọ́ kan, ó ń pariwo. Èrò mi ni pé: "Gbogbo wọn ló ń sọ pé n kò lè tọ́ ọmọ." Onítẹ́rápì ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí gan-an. Ẹni mẹ́ta péré ló wò wá. Ọ̀kan nínú wọn ló bá mi gbé báàgì.

Èkejì ni ACT (Acceptance and Commitment Therapy), ti Steven Hayes, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ìtọ́jú yìí ni mo sì fẹ́ràn jù fún àwa òbí wọ̀nyí, torí pé ẹ̀rù tiwa kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo. "Ta ló máa tọ́jú rẹ̀ bí mo bá kú?" Kò sí ẹ̀rí téèyàn lè kó jọ tó máa pa ìbéèrè yẹn lẹ́nu mọ́. ACT ò ní kí ẹ bá a jiyàn. Ó ní kí ẹ dá a mọ̀ nígbà tó bá wọlé, kí ẹ fún un láyè, kí ẹ sì ṣe ohun kékeré kan tó ṣe pàtàkì sí yín nígbà tó ṣì jókòó síbẹ̀. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ mú gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kejì, bóyá "Mo ti kùnà." Ẹ kà á sókè. Lẹ́yìn náà ẹ kà á báyìí: "Èrò kan ń wá sí mi lọ́kàn pé mo ti kùnà." Gbólóhùn kan náà ni, àmọ́ ẹ ti sún díẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára rẹ̀.

Kristin Neff, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó sọ ṣíṣe àánú ara ẹni di ohun ìwádìí, bí ọmọkùnrin tó ní ọ́tísìmù. Ìbéèrè kan máa ń wọ́pọ̀ nínú irú ìtọ́jú yìí: kí lẹ máa sọ fún ọ̀rẹ́ yín tó bá wà nípò yín? Ẹ wá sọ ọ́ fún ara yín.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀kọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ falẹ̀ wà ní àdúgbò yín. Ti àwọn ọmọ ọdún 2 sí 9 ni: ìpàdé 9 pẹ̀lú àwọn òbí míì, àti àbẹ̀wò 3 sí ilé. Ọmọ ni wọ́n fi ṣe orí ọ̀rọ̀, àmọ́ bí eré àti iṣẹ́ ojoojúmọ́ bá ṣe ń rọrùn pẹ̀lú ọmọ, ara òbí náà á máa fúyẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: yóga ìṣẹ́jú méjìlá

Ẹ gbàgbé àwọn àwòrán èèyàn tó gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn ọrùn. Íńdíà ni yóga ti wá, ó sì ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn àtijọ́ níbẹ̀. Bí ìyẹn bá ń kọ yín lóminú, mímí àti nínà ara nìkan la máa mú níbí, kò sí orin tàbí ọfọ̀ kankan. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi irú yóga jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kún ètò kan ní ilé ìwòsàn yunifásítì Massachusetts fún àwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀.

Ìdí tó fi bá wa mu ni pé ara òbí ọmọ yìí kì í dẹ̀: etí wà lókè, èjìká ti gun ọrùn, ó ń retí ìró tó kàn. Ẹ ò lè fi ẹnu pàṣẹ fún un pé kó sinmi. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ń pẹ́ ní jíjáde, ó ń ta iṣan kan jí tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé àyà àti ikùn, tí wọ́n ń pè ní vagus, ọkàn á sì rọra lù.

Bí ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, gùlákómà lójú, tàbí ẹ̀yìn àti orúnkún tó ń dùn, ẹ bi dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tó bá dùn yín, ẹ fi sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́: ẹ jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ẹ fi imú fa èémí wọlé, ẹ ka 1 dé 4. Ẹ tú u jáde, ẹ ka 1 dé 6. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dín kíkà náà kù.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta: ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún lélẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Bí ẹ bá ń fa èémí wọlé, kí ikùn sọ̀ kalẹ̀, kí àyà gbé sókè. Bí ẹ bá ń tú u jáde, kí ẹ̀yìn gun òkè bíi ti ológbò tí wọ́n dẹ́rù bà. Ẹ jẹ́ kó lọ́ra. Ibi tí ẹ ti máa gbọ́ ìró "kẹ́kẹ́" nínú ẹ̀yìn ni ẹ ti máa mọ bí ó ti pẹ́ tó tí ẹ ti ń gbé ọmọ tó ti dàgbà ju gbígbé lọ.

Ìṣẹ́jú méjì: láti ibẹ̀, ẹ fi ìdí jókòó sórí gìgísẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú títí iwájú orí á fi kan ilẹ̀ tàbí ìrọ̀rí. Ẹ na ọwọ́ síwájú. Ìdúró ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ yẹ àgbọ̀n yín wò: ó ṣeé ṣe kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣì dì mọ́ra. Tèmi máa ń dì, ìka mi náà á sì ká sínú bí ẹni fẹ́ jà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù: ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè lára ògiri, ẹ tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe ohunkóhun mọ́. Omijé lè dé níbi yìí; ẹ jẹ́ kó máa ṣàn. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá sì ń gbé ohun tó bani lẹ́rù wá, ẹ lajú, ẹ dìde jókòó, kí ẹ sọ fún onítẹ́rápì yín.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ tó. Ọjọ́ tí ẹ bá pàdánù, ẹ má san gbèsè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ohun gbogbo bá dàrú, tí ọmọ ń pariwo, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ara rẹ̀ wà láìléwu, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ tú èémí gígùn mẹ́ta jáde. Yóga ọjọ́ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ padà sórí àwọn nọ́ńbà 0 dé 10 yẹn. Bí wọn ò bá yẹ̀ rárá, ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid lè mú kí ara máa rẹni bẹ́ẹ̀ náà.

Bí ọmọ bá wá bá yín lórí ẹní ńkọ́? Ó máa wá. Tèmi máa ń rá wọ abẹ́ ikùn mi nígbà tí mo bá ṣe bíi ológbò, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni wọ àgọ́. Mo máa ń lé e tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, mo kàn ń ka èémí náà sókè, ó sì máa ń bá mi ka "márùn-ún, mẹ́fà" nígbà míì. Bí tiyín ò bá fẹ́ kí nǹkan kan òun lára, ẹ tẹ́ ẹní kékeré tirẹ̀ sí ìkángun yàrá, kí ẹ má sì pè é.